Gbádégẹṣin àti Ọkọ̀ Tí Ó Dá Tún Ṣe

"Bàbá Tinú, ẹ pe àwọn èèyàn kí wọ́n wá bá wa tì í."

Ọ̀rọ̀ tí Ìbídùnní sọ kẹ́yìn láyé nìyẹn, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọkọ rẹ̀, Gbádégẹṣin, ló sọ ọ́ fún, ní iwájú ilé wọn ní Ìkìrun. Gbádégẹṣin kì í ṣe èèyàn burúkú. Kì í jalè, kì í na ìyàwó. Àléébù kan ṣoṣo ló ní: ọrùn rẹ̀ le. Kí ẹrù ṣẹ́ ẹ lọ́rùn yá a lára ju kó ní kí ẹnìkan bá òun sọ ọ́ kalẹ̀ lọ.

Ó ní ọkọ̀ àtijọ́ kan. Ọkọ̀ náà kì í ṣíná láàárọ̀ àfi bí wọ́n bá tì í. Ìbídùnní á fi gèlè gbàjá, àwọn ará àdúgbò á dà jáde, wọn á tì í títí ẹ́ńjìnnì yóò fi dáhùn, kálukú á sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ka èyí sí ìyà. Ṣùgbọ́n ẹnu Rájí, télọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dojú kọ ilé wọn, mú bí abẹ. Lọ́jọ́ kan, bí wọ́n ṣe ń tì í lọ, ó ké pé:

"Bọ̀dá Gbádé, ẹ má ra epo sọ́kọ̀ yìí mọ́ o! Iyán ni kẹ́ ẹ máa gún fún wa, ẹsẹ̀ àwa ló kúkú fi ń rìn!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ìbídùnní náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Gbádégẹṣin nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó bọ́ sílẹ̀, ó ní, "Rájí, ìwọ àtàwọn yòókù, ẹ ò ní fọwọ́ kan ọkọ̀ mi mọ́. Èmi fúnra mi ni màá tún un ṣe." Láti ọjọ́ náà ni ọkọ̀ ti wà lójú kan. Ẹsẹ̀ ló fi ń lọ síbi iṣẹ́. Bó bá dé, á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, á máa tú èyí, á máa so tọ̀hún.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, Ìbídùnní di àyà mú. Ó ní nǹkan ń fún òun láyà bí ẹni fún aṣọ. Òógùn bò ó. Gbádégẹṣin gbé e, ó tẹ́ ẹ sí ìjókòó ẹ̀yìn ọkọ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́. Ọkọ̀ dún "kà", ó dákẹ́.

Ó tan iná iwájú, iná mọ́lẹ̀. Ó tẹ fèrè, fèrè ké. Kì í ṣe bátìrì nìyẹn. Ó fi òòlù lu sítátà tó ń jí ẹ́ńjìnnì, bí àwọn mẹkáníìkì ti ń ṣe, kò gbọ́. Á jẹ́ pé wáyà ni. Ó tẹ́ àpò sílẹ̀, ó wọ abẹ́ ọkọ̀.

Ní òdìkejì títì, Rájí na ọrùn láti ẹ̀yìn máṣìnì rẹ̀. "Bọ̀dá Gbádé, ṣé ká wá tì í ni? A ò ní gba iyán lónìí o!" Kò mọ̀ pé ẹnìkan dùbúlẹ̀ nínú ọkọ̀. Gbólóhùn kan péré ni Gbádégẹṣin ì bá sọ.

"Ẹ ṣeun, ó ti fẹ́ parí," ló fi dáhùn.

Ìgbà náà ni Ìbídùnní sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn rẹ̀ yẹn. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Ní sùúrù, Ìyá Tinú," ni ọkọ rẹ̀ sọ lábẹ́ ọkọ̀. "Mo ti rí i."

Lóòótọ́ ló ti rí i. Wáyà tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ ara ọkọ̀ ló ti dógùn-ún nídìí. Ó ha á títí irin fi ń dán, ó fi sípánà dè é pinpin. Ó jáde, ó yí kọ́kọ́rọ́. Ọkọ̀ ṣíná lẹ́ẹ̀kan náà. Kò gbọ̀n, kò wúkọ́.

Inú rẹ̀ dùn, ẹ̀yin ọmọ mi. Mi ò ní parọ́ fún yín. Fún ìwọ̀n ìgbà téèyàn fi ń mí lẹ́ẹ̀kan, inú rẹ̀ dùn. Ó yọ orí síta, ó kígbe: "Rájí! Ṣé o gbọ́ ọ?" Lẹ́yìn náà ló tó yíjú sẹ́yìn. "Ìyá Tinú, ó ti ṣíná."

 Ọwọ́ Ìyá Tinú ti bọ́ kúrò láyà.

Igbe ọkọ rẹ̀ ló kó àdúgbò jáde. Wọ́n pọ̀ débi pé wọn ì bá ti ọkọ̀ mẹ́ta. Rájí wọ ẹ̀yìn ọkọ̀, ó gbé orí obìnrin náà lé itan, téèpù tó fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Wọ́n sáré dé ilé ìwòsàn. Dókítà ní, "Ká ní ẹ tètè gbé wọn wá ni…"  Gbádégẹṣin kò ní kó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ ìtàn yìí kò farasin. Kò burú kéèyàn mọ iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu, ẹ ké sí èèyàn, kódà kó jẹ́ ẹni tó fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ lánàá. Yẹ̀yẹ́ kì í pa èèyàn. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ní ti Gbádégẹṣin, kò tíì ká aṣọ tí Ìbídùnní sá sórí okùn láàárọ̀ ọjọ́ náà. Kò tíì sùn sórí ibùsùn wọn. Kò tíì wọ ṣọ́ọ̀bù Rájí lọ dúpẹ́. Kò tíì tún jókòó sínú ọkọ̀ náà. Kò tíì dá Tinúadé, ọmọ wọn tó wà ní Ìlọrin, lóhùn, tó ń béèrè lórí fóònù pé, "Bàbá mi, ṣé kò sẹ́nì kankan nítòsí lọ́jọ́ náà ni?"