Òpó Afẹ́fẹ́ Tí Eilert Kò Fẹ́ Tú

Ẹ̀yin ará, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbedeméjì. Ẹ fara balẹ̀ kà á tán, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tó ń gbádùn nǹkan ńlá lónìí tí kò ro ọjọ́ tí yóò gbó.

1.
Ní abúlé wa ní Ostfriesland, létí òkun ní ilẹ̀ Jámánì, àgbẹ̀ méjì ni oko wọn pààlà, Eilert àti Focko. Ìyàwó Eilert ti kú. Talea, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ń bá olóko kan tọ́jú màlúù ní ọ̀nà jíjìn. Ohun tí bàbá yìí ń fẹ́ láyé kò ju pé kí ọmọ rẹ̀ padà wá sin màlúù tirẹ̀ lórí ilẹ̀ wọn.

Ọdún kan náà ni àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì gbé òpó afẹ́fẹ́ dúró sórí oko wọn, òpó gíga alápá mẹ́ta tí atẹ́gùn òkun ń yí, tó ń pèsè iná mànàmáná. Owó ń wọlé dáadáa. Lọ́sọ̀ọ̀sán, Focko á gba àárín pápá wá mu tíì lọ́dọ̀ Eilert. Níbí, ife mẹ́ta ni ẹ̀tọ́ àlejò. Bó bá tó ọ, wàá ki ṣíbí rẹ bọ inú ife, onílé á sì dáwọ́ dúró. Àlejò fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é o. Ẹnìkan kì í bá a ṣe é.

2.
Lọ́jọ́ kan, Focko ní, "Eilert, ó yẹ ká ti máa fi nǹkan pamọ́ o. Ọjọ́ ń bọ̀ tá a máa tú àwọn òpó yìí. Kírénì ńlá la máa háyà, a ṣì máa hú kọnkéré tó wà nísàlẹ̀. O mọ̀ pé ẹni tó gbé e dúró ló máa gbé e kúrò."

Eilert bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ ò tíì rìn, o ti ń gbẹ́ sàréè ẹ̀! Ṣé afẹ́fẹ́ ló fẹ́ tán lókun ni?"

"Afẹ́fẹ́ ò ní tán. Òpó ló máa gbó."

"Ahun ni ẹ́ jàre! Tó bá dọjọ́ yẹn, a máa ta irin ẹ̀, owó irin á sì san owó iṣẹ́."

Focko ń fi tirẹ̀ pamọ́ díẹ̀díẹ̀. Eilert ra katakata tuntun, ó sì kọ́ ilé màlúù tó lẹ́wà jù lọ ní abúlé wa. Màlúù kan kò sí nínú rẹ̀. Nígbà mìíràn, ó máa ń lọ dúró síbẹ̀ lóun nìkan, á máa wo ibi tí Talea yóò so tirẹ̀ mọ́.

3.
Ọdún ń gorí ọdún, ẹ̀rọ méjèèjì sì ń darúgbó. Focko pinnu láti tú tirẹ̀. Ó wá síbi tíì, ó ní:

"Kírénì ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Gbígbé e wá nìkan, owó gidi ni, torí wọ́n á kọ́kọ́ fi irin tẹ́ ọ̀nà lórí ẹrẹ̀ wa yìí. Tó bá ti dé, jẹ́ kó tú tìẹ náà, ká jọ pín owó ẹ̀. Tí owó tìẹ ò bá pé, màá yá ẹ."

Ẹ gbọ́ ọ̀rẹ́! Àmọ́ ọ̀rọ̀ yíyá yẹn dun Eilert wọra. Ó ki ṣíbí bọ inú ife Focko, ife àkọ́kọ́ tí ọkùnrin náà kò tíì mu dé ìdajì.

"Ó tó ẹ," ló wí. "Tèmi ṣì ń yí."

Ní abúlé wa, o lè bú bàbá ènìyàn kí wọ́n bá ọ parí ẹ̀. Ti ṣíbí yẹn le. Focko wo ife náà títí, ó mú fìlà rẹ̀, ó jáde. Kírénì dé, ó tú ti Focko, ó sì lọ.

4.
Nígbà òtútù, ìjì la ọ̀kan nínú àwọn apá òpó Eilert. Àwọn aláyẹ̀wò ní kó dá a dúró, ìjọba ìbílẹ̀ sì ní kó tú u. Onírin àlòkù wá, ó ní òun á ra irin, ṣùgbọ́n àwọn apá gígùn wọ̀nyẹn kì í ṣe irin. Kò sẹ́ni tó ń rà wọ́n. Eilert ló máa sanwó kí wọ́n tó gé wọn, kí wọ́n tó kó wọn. Kírénì náà yóò tún padà wá, wọ́n á tún tẹ́ ọ̀nà, Eilert nìkan ni yóò sì san gbogbo rẹ̀. Báńkì kọ̀ láti yá a. Ó pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù.

"Talea, mo fẹ́ ta ilẹ̀."

"Apá ibo nínú ẹ̀, Papa?"

"Gbogbo ẹ̀. Àti ilé."

Ohùn Talea yí padà.

"Mo ti ra màlúù méjì, Papa. Mo fẹ́ kó wọn wá bá yín lójijì ni."

5.
Ọjọ́ tí òpó náà wálẹ̀, ojú Eilert ríran tààrà dé fèrèsé ilé ìdáná Focko. Ẹni tó ra oko ti ní kó kó jáde kí oṣù tó parí. Ó gba àárín pápá kọjá, ó lọ pe Focko fúnra rẹ̀. Focko sì wá.

Eilert fi ṣúgà tó le bí òkúta sínú ife, ó da tíì gbígbóná lé e lórí, ṣúgà náà sì ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bó ti ń là.

"Focko, mo ṣẹ̀ ẹ́. Jọ̀ọ́, dárí jì mí."

"Mo ti dárí jì ẹ́ tipẹ́."

Inú Eilert dùn. Ó gbé ìkòkò tíì láti bu ife kejì. Focko rọra ki ṣíbí bọ inú ife tirẹ̀.

"Ó tó mi, Eilert."

Ó mú fìlà rẹ̀. Eilert jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò lọ́wọ́ títí tíì fi tutù.

Ìkìlọ̀ mi rèé o. Ìwọ tó ń kọ́ nǹkan ńlá, ọjọ́ tó o bá ń kọ́ ọ ni kó o ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó títú u sọ́tọ̀. Bó o bá jẹ ẹ́ tán, oúnjẹ ọmọ rẹ lo jẹ. Bí ọ̀rẹ́ rẹ bá sì jókòó nídìí tábìlì rẹ, tó sọ òótọ́ tí kò dùn ún gbọ́ fún ọ, jọ̀ọ́, bu ife kejì fún un.