Ìwé Ọjọ́ Ìbí Tí Ayànmáṣì Tà Láìkà

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ máa ń ra ìwé fún ọmọdé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ wá gbé e jù sílẹ̀. Ẹ kà á tán. Ohun tó wà nínú rẹ̀ lè dé ilé ẹnikẹ́ni.

1.
Obìnrin kan wà tó ń ta ìwé àwòrán fún àwọn ọmọdé. Gíláàsì ni iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó mọ́ tónítóní bí ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́jú. Bí ìsinmi bá ti ń sún mọ́lé, tàbí tí ẹnì kan fẹ́ ṣe ọjọ́ ìbí ọmọ, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo ayé ń rọ́ lọ. Á béèrè ọjọ́ orí ọmọ àti irú ayẹyẹ tí wọ́n fẹ́ ṣe, á na ọwọ́ sí pẹpẹ. Ìwé tó bá fà yọ, ọmọ ò ní fi sílẹ̀ títí oorun á fi gbé e lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Ayànmáṣì.

Kì í ṣe idán o. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, kò sí ìwé tó wọ ṣọ́ọ̀bù náà tí kì í kà láti èèpo dé èèpo. Á jókòó sórí àpótí, á máa kà á sókè bí ẹni pé ọmọdé wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí orúkọ rẹ̀ kàn, ó dẹwọ́. Bí èèpo ìwé bá ti ń dán, tí kéèkì àti àbẹ́là wà lára rẹ̀, ó parí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí wọ́n jọ ń tajà, sọ fún un pé, "Àbúrò mi, o ò ka ìwé mọ́ o."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tó ti ń sebẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ṣé ó tún ń tọ́ ọ wò ni? Òórùn rẹ̀ ti tó mi."

2.
Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, káfíńtà kan wọlé, lẹ́búlẹ́bú pákó ṣì wà lára ṣòkòtò rẹ̀.

"Ọjọ́ ìbí ọmọ mi obìnrin ti ń bọ̀, mà. Àkọ́kọ́ tí a máa ṣe láti ìgbà tí ìyá ẹ̀ ti kú nìyí. Ẹ bá mi wá èyí tó máa pa á lẹ́rìn-ín. Èmi fúnra mi ni mo fẹ́ kà á fún un lójú àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀."

Kó tó sọ̀rọ̀ tán, Ayànmáṣì ti na ọwọ́. Ìwé náà tóbi, wúrà ń kọ mànà lára rẹ̀. Nínú àwòrán èèpo rẹ̀, ọmọbìnrin kan jókòó níwájú kéèkì, ó ń rẹ́rìn-ín.

Káfíńtà ṣiyèméjì. "Ṣé kò sí ohun tó máa bà á lọ́kàn jẹ́ níbẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò díẹ̀."

Àwọn oníbàárà ń wò. Ayànmáṣì gbé àgbọ̀n sókè. "Bàbá, ṣé wọn ò sọ ẹni tí mo jẹ́ fún yín ni? Ìwé wo ló wà lórí pẹpẹ yìí tí mi ò mọ̀?"

Ọkùnrin náà ní kó má bínú. Ẹ gbọ́ o: òun ló tún ń bẹ̀bẹ̀!

3.
Ọjọ́ ìbí pé. Àwọn ọmọ dé fìlà bébà, wọ́n jókòó sílẹ̀ yí káfíńtà ká. Ó ń kàwé, ó ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìtàn ọmọ kan ni, tí ìyá rẹ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn. Gbogbo èèyàn ní ìyá náà ò ní padà mọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìbí ọmọ, bí wọ́n ṣe fẹ́ fẹ́ àbẹ́là pa, kó-kó-kó, wọ́n kan ilẹ̀kùn. Ìyá rẹ̀ ti dé!

Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́. Ọmọ káfíńtà kò pàtẹ́wọ́. Ó dìde, ó lọ ṣí ilẹ̀kùn, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

"Ọmọ mi, wá gé kéèkì ẹ."

"Ẹ jẹ́ kí màmá mi dé ná."

Láti ọjọ́ náà, ibẹ̀ ni ọmọ náà ń jókòó sí. Kò jẹ́ kí wọ́n bọ́ aṣọ ọjọ́ ìbí lọ́rùn òun, ó ní màmá òun ò tíì rí i.

4.
Ṣọ́ọ̀bù kún fọ́fọ́ lọ́jọ́ tí káfíńtà padà wá. Kò pariwo, ó gbé ìwé náà sórí tábìlì. "Mà, ọmọ mi ń dúró de òkú."

Ẹ wo bí ì bá ti rọrùn tó láti ní, "Ẹ má bínú." Ṣùgbọ́n Ayànmáṣì wo ojú àwọn èèyàn, ìgbéraga gùn ún. "Ìwé ayọ̀ ni mo tà fún yín. Bó bá ṣe yé ọmọ yín, ìyẹn kàn yín."

"Ẹ̀yin fúnra yín, ṣé ẹ ti kà á?"

Ó yíjú, ó ń tún ìwé orí pẹpẹ tò. Olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi kan tó di ìwé mọ́ àyà béèrè wẹ́rẹ́ pé, "Àwọn tèmi yìí ńkọ́, mà?" Ayànmáṣì wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń wo ilẹ̀. Olùkọ́ náà kó ìwé sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó jáde. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e.

5.
Ìgbà tí ṣọ́ọ̀bù dá páropáro ló tó ka ìwé náà, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Ó lọ sílé káfíńtà, ó jókòó ti ọmọ náà lẹ́nu ọ̀nà.

"Ọmọ mi, ìyá inú ìwé ló padà dé. Màmá tìẹ ò ní lè padà. Èmi ni mo ta ìwé yẹn fún bàbá ẹ, mi ò sì kà á."

Ọmọ náà yíjú sí i, ẹnu yà á. "Ẹ ò kà á? Àwòrán ló pọ̀ níbẹ̀ o. Kò le rárá."

Ìgbà náà ló wá yé ọmọ náà pé màmá òun ò ní dé mọ́, tí ojú rẹ̀ rọ, tó bú sẹ́kún, tó sì sá lọ sí àyà bàbá rẹ̀. Wọ́n bọ́ aṣọ náà lọ́rùn rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Ọmọ náà bọ́ nínú wàhálà náà, Ayànmáṣì ò bọ́. Kí ìsinmi mìíràn tó dé, àwọn ilé ìwé ti gba ibòmíràn lọ. Orúkọ tí wọ́n fi ń yìn ín di orúkọ yẹ̀yẹ́, ó sì ti ṣọ́ọ̀bù pa. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wá ń wá iṣẹ́ kiri fún àwọn méjèèjì.

Ìwọ tí o ń ka èyí, má fi ohun tó wà lẹ́yìn ìwé yan ohun tó máa wọ inú ọmọ. Jókòó, kà á tán, kí o rántí ọmọ tí o fẹ́ kà á fún. Bí o bá sì ṣì í yàn, tètè bẹ̀bẹ̀, má jẹ́ kí orúkọ rẹ gùn ọ́ lórí. Fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń tọ́ ọmọ. Àwọn àgbà kò purọ́: aṣọ ńlá kọ́ lènìyàn ńlá.