Ohun Tó Fa Ìbídùn Wá sí Yunifásítì

Orúkọ ńlá yunifásítì náà ló fa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù wá. Ẹni tó bá jáde níbẹ̀ kì í wáṣẹ́ tì. Ti Ìbídùn yàtọ̀. Ìyá rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọyinlọlá, ti dolóògbé, ṣùgbọ́n àwòrán rẹ̀ tí wọ́n fi ẹ̀rọ gbé dìde bí ènìyàn ṣì ń kọ́ni níbẹ̀ láràárọ̀, ó ń rìn, ó ń dáhùn ìbéèrè.

Bí àwòrán náà ṣe wọlé, Ìbídùn nìkan ló kúnlẹ̀ nínú kíláàsì.

"Ẹ káàárọ̀, Màámi."

Bó bá kí i báyìí nílé láyé ọjọ́un, oríkì ni ìyá rẹ̀ máa ń fi dá a lóhùn: Àwẹ̀ró, Àwẹ̀ró mi. Ìbídùn tẹ́tí bóyá òun yóò tún gbọ́ ọ.

Àwòrán náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ìyá rẹ̀ gan-an. "Dìde, ọmọ dáadáa. Kí lorúkọ rẹ?"

Ìbídùn sọ orúkọ rẹ̀ fún un. Kò sọ oríkì. Ta ló ń fẹnu ara rẹ̀ ki ara rẹ̀?