Ọ̀nà Tí Mọ́tò Kì Í Gbà

Délọ́lá kò tíì dé Sípéènì rí, ṣùgbọ́n Sípéènì ti sú u. Nísàlẹ̀ ilé wọn ní Brandywine ni Sípéènì ń gbé. Láràárọ̀ ni Ọládẹ̀jọ ọkọ rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ lọ síbẹ̀, á gun kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi irin dè mọ́lẹ̀ níwájú tẹlifíṣọ̀n, á máa wà á títí òógùn á fi bò ó. Lójú tẹlifíṣọ̀n, ọ̀nà olókùúta wẹ́wẹ́ kan ní Sípéènì á máa sáré bọ̀, oko àlìkámà lọ́tùn-ún, igi ólífì lósì, kò ní sí mọ́tò kankan. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í pé kí ló dé tí kì í gun kẹ̀kẹ́ jáde, á ní òun ò lè gbé ẹ̀mí òun lé àwọn awakọ̀ Maryland lọ́wọ́. Ọ̀nà tí mọ́tò kì í gbà lòun ń fẹ́.

Ẹnu rẹ̀ sì dùn nípa kẹ̀kẹ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Temple Hills, ta ni kò tíì gbọ́ bó ṣe ń gun kẹ̀kẹ́ bàbá rẹ̀ láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́ nígbà tó wà nílé ẹ̀kọ́? Ọ̀gá Kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń pè é. Iṣẹ́ ni kò jẹ́ kó ráyè kọ́ Ethan, ọmọ wọn. Jeremiah aládùúgbò ló kọ́ ọmọ náà ní kẹ̀kẹ́.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí Ọládẹ̀jọ pé ọgọ́ta ọdún, Délọ́lá lọ bá ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì fún ọ̀gá ní ẹ̀bùn tó tọ́ sí ọ̀gá: ọ̀sẹ̀ kan ní Sípéènì lóṣù kẹwàá, kẹ̀kẹ́ gígun láti abúlé dé abúlé láàárín oko. Délọ́lá á máa dúró dè é ní abúlé tó bá kàn. Lọ́jọ́ tí wọ́n kéde rẹ̀, Ọládẹ̀jọ dìde láti dúpẹ́, ó fẹsẹ̀ gbá àga iwájú rẹ̀ ṣubú. Wọ́n ní ayọ̀ ni.

Àtọjọ́ náà ni àwáwí ti bẹ̀rẹ̀. Oòrùn ibẹ̀ mú jù. Orúnkún ń dun òun. Irú oúnjẹ wo ni wọ́n tiẹ̀ ń jẹ níbẹ̀? Nígbà tí wọ́n lọ ra kẹ̀kẹ́ tuntun, ẹni tó ń tà á ní kó fi yípo iwájú ṣọ́ọ̀bù wò. Ọládẹ̀jọ ní bàtà ẹsẹ̀ òun kò bá a mu, ló bá ń fọwọ́ tì í lọ sídìí mọ́tò bí ẹni ń da àgùntàn. Délọ́lá gbé e mì. Ṣùgbọ́n ó dùn ún wọra. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, ìsìnkú àti ìgbéyàwó nìkan ló ń gbé wọn rìnrìn àjò. Àwọn méjèèjì péré kò tíì jọ lọ síbì kan rí, ọkọ rẹ̀ sì ń wá bí kò ṣe ní lọ.

Ló bá tún kan ti Sátidé. Á gbé kẹ̀kẹ́ sínú mọ́tò, á ní òun ń lọ dánra wò, á pa fóònù, kò ní wálé títí di ọ̀sán. Bó bá dé, òórùn róòbù á gba ilé, báńdéèjì á wà nígbọ̀nwọ́, á sì máa kọ orin ẹ̀mí. Délọ́lá ní kí àwọn jọ lọ. Ọládẹ̀jọ ní kó jẹ́ kí òun simi.

Nígbà tó yá, wọ́n lọ gbé Ethan sí ibùdókọ̀ ojú irin ní New Carrollton. Bí wọ́n ṣe ń bọ̀, fóònù Ọládẹ̀jọ tí wọ́n so mọ́ ẹ̀rọ mọ́tò dún, ohùn obìnrin òyìnbó kan sì gba gbogbo inú mọ́tò. Ó ní Bridget ni. Ó ní kí àwọn pàdé níbi tí àwọn ti ń pàdé ní Sátidé. Ó ní inú òun dùn sí ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, pé ara Ọládẹ̀jọ kò gbọ̀n mọ́ nígbà tí òun dì í mú. Ọládẹ̀jọ pa fóònù náà. Iná ọ̀nà tan sí àwọ̀ ewé, kò mọ̀, àfìgbà tí wọ́n fun fèrè mọ́ ọn lẹ́yìn.

“Ta ni Bridget?”

“Ẹnìkan ni.”

“Bàbá Ethan, bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a.”

Ọládẹ̀jọ tẹjú mọ́ ọ̀nà. “Mo mọ̀,” ló wí. “Ṣáà fún mi láyè díẹ̀.”

Àyè kẹ̀? Nígbà tó di Sátidé, Délọ́lá ti di aṣọ sínú báàgì, ó ti gbé e sínú búùtù mọ́tò tirẹ̀, ó sì ti sọ fún Adérìnsọ́lá àbúrò rẹ̀ pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lòun máa sùn. Bí òun bá fojú ara òun rí i, ó parí. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Délọ́lá rọra fi mọ́tò tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀. Ọládẹ̀jọ kò lọ jìnnà. Ó yà sójú ọ̀nà oko kan, yangí lásán, ẹ̀wà sóyà lọ́tùn-ún lósì, àká tábà àtijọ́ kan níwájú. Délọ́lá fi mọ́tò sílẹ̀ lẹ́yìn, ó fẹsẹ̀ rìn, ó sì sá pamọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àká. Níbi tí ọ̀nà ti kọ́rọ̀, sóyà bo Ọládẹ̀jọ àti obìnrin òyìnbó kan dé ìbàdí. Irun orí obìnrin náà pupa, ó kéré sí Ọládẹ̀jọ lọ́jọ́ orí dáadáa. Ó fọwọ́ kan gbá ọkọ rẹ̀ mọ́ra níbàdí, ó ń sọ̀rọ̀ sí i létí, Ọládẹ̀jọ sì dijú bí ẹni ń gbàdúrà. Omi lé ròrò lójú Délọ́lá. Ó bọ́ òrùka ìgbéyàwó rẹ̀, ó dì í mọ́ ọwọ́, ó sì jáde sójú ọ̀nà láti pe orúkọ ọkọ rẹ̀.

Ìgbà náà ni Bridget yọwọ́ kúrò lára Ọládẹ̀jọ, tó ń sáré tẹ̀ lé e, tó ń pàtẹ́wọ́ bí ìyá tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rìn, Ọ̀gá Kẹ̀kẹ́ sì yọ láàárín sóyà lórí kẹ̀kẹ́ tuntun, ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ó ń pariwo pé kò sẹ́ni tó di òun mú, pé ìgbà àkọ́kọ́ láyé òun nìyí, títí ojú rẹ̀ fi ṣe mẹ́rin pẹ̀lú ti ìyàwó rẹ̀, tó sì ṣubú.