Ojú Mopélọ́lá

Kí Mopélọ́lá tó ta ìpara fún ẹnikẹ́ni láràárọ̀, ó máa ń gbé abọ́ omi síta, á fọ ojú níwájú àwọn oníbàárà. Òfin ìlú ni. Ẹni tó bá ṣe ìpara, ojú ara rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi dán an wò, kò sì gbọdọ̀ fi àtíkè bò ó. Kò sí àwòrán arẹwà kankan lára ìgò mọ́. Ojú Mopélọ́lá ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó rà, ó sì ń dán bí ojú ọmọge.

Àmọ́ láàárọ̀ yìí, kó tó jáde, Ìbídùn ọmọ rẹ̀ rí nǹkan pupa tó sú sí i lẹ́rẹ̀kẹ́.

"Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká tilẹ̀kùn. A ó ní ara yín ò yá."

"Ká tilẹ̀kùn kẹ̀? Ṣé mo jalè ni?"

Ó jáde, ó fọ ojú, ó sì kọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà sí wọn. "Ẹ wò ó dáadáa o! Ìpara tuntun tá a fi lọ́fíńdà sí ló ṣe mí báyìí. Mi ò ní tà á fún yín. Ti tẹ́lẹ̀ wà ńlẹ̀."

Kò sẹ́ni tó kúrò lórí ìlà. Ìyá ìkókó tó wà níwájú ní, "Ẹ fún mi ní ti tẹ́lẹ̀, mà. Ọmọ mi ni mo fẹ́ fi pa."

Ni Ìbídùn bá jáde síta. "Èmi ni mo po lọ́fíńdà yẹn mọ́ ìpara náà. Láti òní lọ, ẹ máa wo ojú tèmi náà kẹ́ ẹ tó rà."

Orí Mopélọ́lá wú. Ó gbé abọ́ omi náà fún un.

"Ó yá, fọ ojú ẹ kí wọ́n rí ẹ."