Ọkọ̀ Kẹrìnlá

Ọkọ̀ kẹrìnlá kò gbà láti dìde. Láti ìdájí ni mẹkáníìkì ti wà lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tó yọ jáde, ó fi àkísà nu ọwọ́, ó ní íńjìnnì ti gan, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i lónìí.

Ọ̀gá wọn wo ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò tíì fá irùngbọ̀n. Òwú ti já léjìká ẹ̀wù rẹ̀, níbi tí àmì oyè máa ń wà.

"Ọkọ̀ mẹ́rìnlá la kọ sínú ìwé," ó ní. "Méjìlá ti lọ. Méjì tó kù gbọ́dọ̀ dé ibùdó ńlá kí aago mẹ́rin tó lù. Bí ọ̀kan bá dín, wọn ò ní jẹ́ kí ẹnì kankan tó wà níbẹ̀ lọ sílé."

Dírébà ọkọ̀ kẹtàlá gbọ́ ọ. Baba Jẹ́jẹ́ ni gbogbo ibùdó ń pè é, nítorí kì í sáré. Àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo, ti wà ní ibùdó ńlá yẹn fún ọdún méjì. Lẹ́tà ẹyọ kan ló ti gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ìlà mẹ́ta péré, pé ara òun le, kí Màámi má sunkún. Baba Jẹ́jẹ́ gun ọkọ̀ rẹ̀, ó fi ẹ̀yìn rìn díẹ̀díẹ̀ títí ìdí rẹ̀ fi súnmọ́ iwájú èyí tó kú.

Ọ̀pá irin tí wọ́n fi ń fa ọkọ̀ là sí ẹsẹ̀ méjì, bí igi rọ́bà tí wọ́n fi ń ta ẹyẹ. Ọkùnrin mẹ́ta ló gbé e. Wọ́n de ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́ iwájú òkú ọkọ̀, wọ́n fi orí rẹ̀ kọ́ ìdí ti Baba Jẹ́jẹ́, wọ́n sì fi ṣéènì dè é, nítorí bí ọ̀pá bá lọ ṣẹ́. Mẹkáníìkì tú ṣáfútù, irin tó so jíà mọ́ táyà lábẹ́ òkú ọkọ̀ náà, kí táyà má baà máa yí jíà lásán lọ́nà. Ó so rọ́bà tí yóò máa gbé afẹ́fẹ́ búréèkì láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ so aṣọ funfun gbọọrọ mọ́ iwájú, ó so òmíràn mọ́ ìdí, kí wọ́n lè rí wọn láti òkèèrè.

"Ìbọn wa ńkọ́, sà?" mẹkáníìkì bèèrè.

"Ẹ gbé e dání. Ẹ kó ọta rẹ̀ sílẹ̀ níbí."

Baba Jẹ́jẹ́ àti mẹkáníìkì gbéra. Ọkọ̀ ń lọ bí ẹni tó gbé aláìsàn pọ̀n.

"Ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré," mẹkáníìkì ní.

"Ti ẹ̀yìn wa yìí, ojú rẹ̀ ti fọ́."

Mẹkáníìkì rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó gbé orí lé fèrèsé, oorun sì gbé e lọ.

Kò tíì pé wákàtí méjì tí rọ́bà afẹ́fẹ́ fi ya. Wọ́n dúró níwájú ilé kan, wọ́n fi òkúta dá táyà dúró, mẹkáníìkì sì fi ègé rọ́bà di ojú ibi tó ya. Ìyá àgbà kan gbé omi jáde fún wọn.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ kẹ́yìn?" ó bèèrè.

"Àwa la kẹ́yìn, mà."

Ó wo ọkọ̀ méjèèjì fún ìgbà díẹ̀. "Ọlọ́run á mú yín délé," ó ní. Ó gba ife rẹ̀, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Nígbà tí wọ́n dé orí òkè, wọ́n tún dúró. Ọ̀nà tó lọ sísàlẹ̀ gùn, ó sì dà gẹ̀rẹ́. Mẹkáníìkì wo ibi tó dí, ó mi orí.

"Baba, rọ́bà yìí ò ní dúró. Bó bá já, ti ẹ̀yìn ò ní búréèkì mọ́, á tì wá lulẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ ká tú u sínú igbó. Òkú ọkọ̀ ni, kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe?"

"Wọ́n ti kọ nọ́ńbà rẹ̀."

"Ẹ máa sọ pé ó jóná."

"Àbúrò mi wà níbẹ̀," Baba Jẹ́jẹ́ ní. "Bí ẹ̀rù bá ń bà ọ́, máa fi ẹsẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Mi ò ní bínú."

Mẹkáníìkì wo ọ̀nà náà títí dé ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gun ọkọ̀, ó pa ilẹ̀kùn dé.

"Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la ń pa àmúkùrù orí ẹpọ̀n," ó ní. "Ẹ máa lọ."

Jíà kìíní ni Baba Jẹ́jẹ́ fi sọ̀. Wọ́n ti sọ̀ dé àárín kí rọ́bà tó já. Wọ́n gbọ́ bí afẹ́fẹ́ ṣe tú, lẹ́yìn náà ni ọ̀pá irin gbún wọn nídìí. Íńjìnnì ké. Baba Jẹ́jẹ́ kò tẹ búréèkì mọ́lẹ̀. Ó mọ̀ pé bí iwájú bá dúró lójijì, ẹ̀yìn á ká wọn pọ̀ bí ọ̀bẹ tó ń ká. Ńṣe ló ń fọwọ́ kan búréèkì, ó ń fi í sílẹ̀, ó di ìdarí mú gbọin-gbọin, kò jẹ́ kí orí ọkọ̀ yà. Òógùn wọ ojú rẹ̀, kò nù ún. Mẹkáníìkì di ilẹ̀kùn mú, ó ń pe orúkọ ìyá rẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ tẹ́jú, ọkọ̀ méjèèjì yí lọ díẹ̀ sí i, wọ́n dúró.

Mẹkáníìkì sọ̀ kalẹ̀, ó fọwọ́ kan ọ̀pá irin, ó gbóná janjan. Ó padà wọlé.

"Kò tẹ̀," ó ní.

"Aago mélòó?"

"Mẹ́ta kọjá díẹ̀."

Baba Jẹ́jẹ́ nu òógùn ojú rẹ̀, ó sì tún fi jíà sí i.

Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago mẹ́rin lù, ọ̀gágun tó dúró lẹ́nu géètì ibùdó ńlá ka nọ́ńbà ọkọ̀ méjèèjì, ó gba ìbọn òfìfo lọ́wọ́ ọkùnrin méjì tí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ti fi ọdún mẹ́rin bá jà kí ìhà tiwọn tó túúbá níjẹta, ó sì kọjú sí àwọn sójà rẹ̀, ó ní, "Ó pé mẹ́rìnlá, ẹ lọ tú àwọn ènìyàn wọn tó wà lẹ́wọ̀n sílẹ̀."