Ẹnì Kan Péré Tí Yóò Ráhùn

Igba ènìyàn ni Fẹ́rànmí bi léèrè nípa kànga ẹ̀rọ tí àjọ tó ń bá ṣiṣẹ́ sanwó fún ní Nasarawa Gwong, ní Jos, igba náà ló sì dúpẹ́. Ìbéèrè mẹ́sàn-án ló wà nínú fọ́ọ̀mù rẹ̀. Àwọn olùrànlọ́wọ́ lókè òkun ti sọ pé ènìyàn ni kó máa wò, kì í ṣe irin ẹ̀rọ. Ó kọ ìròyìn tó gún régé, ó lẹ fọ́tò tí kọngílá tó gba iṣẹ́ kànga náà mú wá mọ́ ọn níwájú, ọ̀gá rẹ̀, Ìyáàfin Adéfúnmi, sì fi í ránṣẹ́.

Èsì kò pẹ́. Àwọn olùrànlọ́wọ́ ní àwọn kò rí i rí kí igba ènìyàn wà níbì kan kí ẹnikẹ́ni má ráhùn. Bí kò bá sí ẹyọ ẹnì kan tí inú rẹ̀ kò dùn, àwọn kò ní gba ìyókù gbọ́, kànga kejì yóò sì dúró ná.

Rantya ni wọ́n fẹ́ gbẹ́ kànga kejì sí, ní ẹ̀yìn ilé ìyá Fẹ́rànmí gan-an. Orúnkún ti ń dun ìyá náà láti ọdún mẹ́ta, síbẹ̀ òun ló ń gbé kẹ́ẹ̀gì omi gun òkè. Ọ̀rọ̀ náà ká Fẹ́rànmí lára. Ìyáàfin Adéfúnmi ní kó padà lọ wá ìráhùn kan péré wá.

Ọmọ tí wọ́n kọ́ ni Fẹ́rànmí. Jos ni wọ́n bí i sí, kì í já lu ọ̀rọ̀ láì kí ènìyàn. Fatimah tó ń din kọ́sè, àkàrà àwọn Hausa, ló kọ́kọ́ bá. Ó bèèrè ilé, Fatimah dúpẹ́. Ó bèèrè ọmọ, iṣẹ́ àti òtútù, obìnrin náà dúpẹ́. Ó wá bèèrè kànga.

"Mun gode Allah," ni Fatimah fi Hausa dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó sì yí kọ́sè rẹ̀ padà.

Fẹ́rànmí ní ṣé kò sí nǹkan kan tó ń dùn ún nípa rẹ̀ rárá. Fatimah wò ó bí ẹni tó fẹ́ kọ́ òun ní àìmoore, ó sì fún un ní kọ́sè mẹ́ta lọ́fẹ̀ẹ́.

Mai ruwa tó ń ti kẹ́ẹ̀gì omi mẹ́rìnlá kiri lórí ọmọlanke dúpẹ́ ju Fatimah lọ. Ó ní ọjà ń tà, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí àjọ wọn rẹ̀yìn. Ọkùnrin kan tí ìjì ṣí òrùlé rẹ̀ lọ lọ́sẹ̀ yẹn náà dúpẹ́. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, Fẹ́rànmí ti mu kúnú ife méjì, ó sì ti gba àdúrà mọ́kànlélógún.

Ọ̀dọ̀ Bàbá Oyèdélé ló parí rẹ̀ sí, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí bàbá tirẹ̀ wá ta aṣọ ní Jos láyé àwọn òyìnbó. Bàbá ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Fẹ́rànmí dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí erùpẹ̀.

"Bàbá, ẹ gbà mí. Ẹ bá mi bú kànga yìí. Ìyá mi ń gbé omi gun òkè."

Bàbá ronú. "Irú èébú wo lo fẹ́?"

"Èyí tó bá ti wá sí yín lẹ́nu, sà."

Bàbá gbé fìlà rẹ̀ tì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní ọwọ́ ẹ̀rọ náà le jù fún àgbàlagbà. Ó ní omi rẹ̀ ń rùn bí irin, àwọn ọ̀dọ́ kì í sì í jẹ́ kí àgbà pọn ṣáájú. Ó ní ibi tí wọ́n gbé e sí pàápàá kò dáa. Fẹ́rànmí ń kọ ọ́, omi sì lé ròrò sí i lójú. Ó ní kí bàbá fún un ní máàkì nínú márùn-ún. Bàbá ní ọ̀kan, ó wojú ọmọ náà, ó bèèrè bóyá kóun sọ ọ́ di òdo.

Lọ́jọ́ kẹta àwọn olùrànlọ́wọ́ ní ìròyìn àkọ́kọ́ tí àwọn gbàgbọ́ rè é. Wọ́n ní kí wọ́n gbẹ́ ti Rantya, kí wọ́n sì gbé iṣẹ́ náà fún kọngílá ti tẹ́lẹ̀. Ìyá Fẹ́rànmí jó lórí orúnkún tó ń dùn ún. Fẹ́rànmí ra búrẹ́dì àti ṣúgà, ó lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá.

Bàbá Oyèdélé súre fún un, ó súre fún ìyá rẹ̀, ó sìn ín dé ibi tó ti máa wọ kẹ̀kẹ́, ó wá rọra bi í, kó má baà dà bí aláìmoore, pé ọjọ́ wo gan-an ni wọ́n ń bọ̀ wá gbẹ́ kànga ti Nasarawa Gwong níbí.